Ilé Tí Àwọn Ìyá Wa Lè Gbé Lọ́jọ́ Alẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè wọ̀nyí ló sábà máa ń jáde nígbà tí ẹbí bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ibi tí màmá máa gbé. London ni mo mọ̀ jù, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ mi ti wá, mo sì fi ọ̀kan kún un láti ilẹ̀ Faransé.

Ṣé ilé àgbàlagbà obìnrin tún yàtọ̀ sí ilé àgbàlagbà ni?

Ó yàtọ̀, owó ló sì kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Obìnrin máa ń pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ, ọkọ sì sábà máa ń ju ìyàwó lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà ìyàwó ló máa ń ṣẹ́kù sílé. Ìgbà yẹn gan-an ni owó tó ń wọlé á dín kù. Ní Ìlú Ọba, lábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ẹni tó bá fẹ́ gba owó náà ní kíkún gbọ́dọ̀ ní ọdún 35 nínú ìwé National Insurance rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó tí òṣìṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní tó ọdún 10, kò ní rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo ìyá tó dé London lẹ́ni ọdún 45, tó ń fọ ọ́fíìsì ní ìdájí, tí wọ́n ń ka owó lé e lọ́wọ́ láìsí ìwé kankan, tó sì tún fi ọdún mélòó kan bá ọmọ rẹ̀ tọ́mọ. Ó ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú, ṣùgbọ́n ìwé ò mọ̀ ọ́n.

Ìkejì ni egungun. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, egungun obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ní Ìlú Ọba, ìdajì àwọn obìnrin tó ti lé ní ẹni 50 ọdún ni egungun wọn máa kán nítorí àìlera yìí. Nínú ọkùnrin márùn-ún, ẹnì kan péré ni. Nítorí náà, ibi tó ga díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ọmọdé ń fò kọjá láìwolẹ̀, lè jẹ́ ohun tó máa gbé màmá dé ọsibítù.

Ilé wo ni kí á wò láti fi kọ́gbọ́n?

New Ground, ní High Barnet, lápá àríwá London. Àwọn obìnrin fúnra wọn ló kó ara wọn jọ ní 1998, lẹ́yìn ìpàdé kan tí Maria Brenton, obìnrin olùwádìí kan, ti ròyìn ohun tó rí ní Netherlands, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń ṣètò ilé tiwọn pọ̀, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ bí aládùúgbò. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní OWCH, ìyẹn Older Women's Co-Housing. Shirley Meredeen wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ìparí 2016 ni wọ́n tó kó wọlé.

Fúláàtì 25 ló wà níbẹ̀: 11 oníyàrá kan, 11 oníyàrá méjì, àti 3 oníyàrá mẹ́ta. Àwọn obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún nìkan ló ń gbé e. Olúkúlùkù ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kíṣìnì tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ní ilé àpapọ̀ tó ní kíṣìnì ńlá àti ibi ìjókòó, wọ́n ní ibi ìfọṣọ, yàrá àlejò àti ọgbà. Wọ́n máa ń jẹun pọ̀, wọ́n sì pín iṣẹ́ ilé láàárín ara wọn: àwọn kan ń ṣe ọgbà, àwọn kan ń bójú tó ìmọ́tótó, àwọn kan ń gbàlejò.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ya àwòrán ilé náà. Àwọn ayàwòrán ilé, Pollard Thomas Edwards, pe àwọn obìnrin náà jókòó, wọ́n sì jọ pinnu ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan máa wà. Wọn ò fi ilé àpapọ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Ọ̀nà àbáwọlé ló wà, níbi tí ẹni tó ń jáde lọ ra búrẹ́dì ti máa fojú kan ẹlòmíì. Ní ọ̀pọ̀ ilé àgbàlagbà tí mo ti dé, ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni wọ́n máa ń fi yàrá àpapọ̀ sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn wúwo méjì. Tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò ní sí ẹnì kan tó ń wò ó.

Kí ló dé tó fi gba ọdún 18?

Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ London wọ́n bí ojú, ẹgbẹ́ tí kò ní owó nílẹ̀ kò sì lè bá àwọn oníṣòwò ilé du ú. Wọ́n rí ibì kan, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n rí òmíràn, ó tún bọ́. Ẹ̀rù tún ń ba àwọn káńsù: wọ́n rò pé tí àwọn àgbàlagbà bá pọ̀ sí i ládùúgbò àwọn, àwọn ló máa san owó ìtọ́jú wọn lẹ́yìn ọ̀la. Níkẹyìn, ẹgbẹ́ ilé kan tó ń jẹ́ Hanover ra ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì gbé owó ìkọ́lé kalẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà ti kú kí ilé tó jáde.

Èmi ò rò pé ó yẹ kí á máa yin ìfaradà yẹn nìkan. Ẹni tó bá ní kí obìnrin ẹni 65 ọdún lọ bẹ̀rẹ̀ ohun tó máa gba ọdún 18, ṣé kì í ṣe pé ó ń fi í ṣẹ̀sín? Káńsù tàbí ẹgbẹ́ ilé ló yẹ kó wá ilẹ̀ àti owó. Ti àwọn obìnrin ni láti sọ bí ilé ṣe máa rí.

Ṣé ilé mẹ̀kúnnù ni New Ground?

Apá kan rẹ̀. Fúláàtì 17 jẹ́ ti àwọn tó fowó ra tiwọn, púpọ̀ nínú wọn sì ta ilé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè rà á. Mẹ́jọ tó kù jẹ́ ti àwọn ayálégbé, wọ́n ń san owó ilé tí kò gani lára, ẹgbẹ́ Housing for Women ló sì ni ín. Owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ aláàánú Tudor Trust ló jẹ́ kí mẹ́jọ yẹn ṣeé ṣe. Láìsí i, ìyá tí kò ní ilé kankan láti tà ì bá dúró síta máa wòran.

Ṣé ibì kan wà tó jẹ́ pé ilé ìjọba ni gbogbo ẹ̀?

Ó wà ní Montreuil, lẹ́bàá Paris. Wọ́n ń pè é ní Ilé Babayagas. Babayaga ni arúgbó àjẹ́ inú àlọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, àwọn obìnrin náà sì mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ náà jẹ́ ni. (Ẹ̀yin náà mọ irú orúkọ tí wọ́n máa ń fún arúgbó tó ń dá gbé nílé wa.)

Thérèse Clerc ló ṣíwájú rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni obìnrin yìí fi tọ́jú ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, lásìkò tó ń ṣiṣẹ́, tó sì tún ní ọmọ tó ń tọ́. Ó ní òun ò ní gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ òun lórí. Lẹ́yìn náà ni ooru burúkú mú ní Faransé ní oṣù kẹjọ 2003. Àwọn tó kú tó 15,000, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ ẹni tó ń dá gbé nínú fúláàtì òkè ilé tí ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn aláṣẹ tí kò fetí sí àwọn obìnrin náà tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́.

Wọ́n kó wọlé ní 2012, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní 2013. Fúláàtì 25 ni: 21 fún obìnrin tó ti lé ní 60 ọdún, 4 fún ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 30. Iléeṣẹ́ ilé ìjọba ló ni ín, owó ilé ni wọ́n ń san. Nísàlẹ̀, wọ́n fi yàrá kan sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ará ìta náà lè wá gbọ́. Clerc kú ní 2016. Ohun kan tó le níbẹ̀ ni pé ilé ìjọba ní òfin tirẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n á fún ní ilé, nítorí náà ẹgbẹ́ kò lè kàn yan aládùúgbò tó wù ú. Èdèkòyédè sì wà láàárín wọn náà, bó ṣe máa ń wà níbi tí àgbà obìnrin mẹ́wàá bá ti ń dìbò lórí ẹni tó máa gbálẹ̀.

Ta ló máa tọ́jú ẹni tó bá ṣàìsàn?

Ní New Ground, wọ́n máa ń mójú tó ara wọn: ẹnì kan lè bá ẹ gba oògùn wá, ó lè bá ẹ se ọbẹ̀, ó lè kan ilẹ̀kùn tí kò bá rí ẹ. Àmọ́ ìwẹ̀ àti ìtọ́jú ara kì í ṣe iṣẹ́ aládùúgbò. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ló máa wá láti ìta, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa wá sí ilé ẹnikẹ́ni. Ó dáa kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kedere láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ohun tó máa ń da ẹgbẹ́ rú ni kí ẹnì kan máa retí ohun tí ẹnì kejì ò ṣèlérí.

Nínú fúláàtì gan-an, kí ló yẹ kó wà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Láti 2015 ni òfin ìkọ́lé ní England ti ní ìpele kan tí wọ́n ń pè ní M4(2): èèyàn gbọ́dọ̀ lè dé inú ilé láìgun àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn àbáwọlé sì gbọ́dọ̀ fi àyè mílímítà 850 sílẹ̀. Ti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera ni M4(3), ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè mílímítà 1,500 tí kẹ̀kẹ́ lè fi yí po. Ètò ìlú London ti 2021 sọ pé, nínú ilé tuntun mẹ́wàá, ọ̀kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ M4(3), kí àwọn yòókù sì jẹ́ M4(2). Ìpìlẹ̀ lásán nìyẹn o.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́rin, márùn-ún, ìtọ̀ kì í dúró dè é mọ́. Tó bá di aago mẹ́ta òru, kò yẹ kó gba pálọ̀ kọjá nínú òkùnkùn. Ilẹ̀kùn kan láti yàrá sí balùwẹ̀, tó fi lè rí tọ́ílẹ́ẹ̀tì láti orí bẹ́ẹ̀dì, ti tán ọ̀pọ̀ ìṣòro. Kí iná kékeré kan máa tàn nísàlẹ̀ ògiri fúnra rẹ̀ tó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀. Kí ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì má jẹ́ funfun lórí àwo funfun lórí táìsì funfun, torí ojú tó ti rẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí balùwẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, láìsí bááfù tí èèyàn máa gbé ẹsẹ̀ sókè wọ̀. Kí wọ́n kọ́ ògiri rẹ̀ kó lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè kan irin ìdìmú mọ́ ọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Mo tún máa ń sọ fún àwọn ayàwòrán ilé pé ọ̀pọ̀ ìyá wa ṣì ń fi garawa àti ike wẹ̀ ní ọdún 30 lẹ́yìn tí wọ́n dé London. Ẹnu máa ń yà wọ́n. Ó kàn fẹ́ ẹ̀rọ omi kan tó wà nísàlẹ̀, tí garawa lè wọ abẹ́ rẹ̀, àti àyè àpótí ìjókòó kan. Owó rẹ̀ kéré.

Ìmọ́lẹ̀: ojú ẹni 60 ọdún ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta péré nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ẹni 20 ọdún ń gbà. Gílóòbù tó ń tan pálọ̀ ọmọ yín dáadáa kò tó fún màmá tó ń ka Bíbélì tàbí Kùránì.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná náà ńkọ́? Láàárín mílímítà 450 sí 1,200 láti ilẹ̀ ni òfin fi í sí. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi èyíkéyìí sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kíṣìnì ilé òyìnbó kì í gba ìyá wa. Ṣé ẹnì kankan ń rò ó?

Díẹ̀. Àwọn tó ń ya kíṣìnì àgbàlagbà máa ń rò pé ẹni tó máa lò ó á kàn gbé oúnjẹ sínú máíkírówéèfù ni. Wọn ò mọ ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò mọ fìrísà tó kún fún ẹran àti ata lílọ̀, wọn ò sì mọ epo pupa tó ń gbóná. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè. Àkọ́kọ́, kí fáànù tó ń fa èéfín gbé e jáde síta pátápátá, kó má kàn sẹ́ ẹ padà sínú ilé. Ìkejì, kí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ iná inú kíṣìnì jẹ́ èyí tó ń mọ ooru, kó má jẹ́ èyí tó ń mọ èéfín. Màmá tí ẹ̀rọ ti pariwo mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí ó ń din dòdò á fi aṣọ dì í pa, nígbà yẹn, ọjọ́ tí iná bá wá sọ lóòótọ́, kò ní gbọ́. Ìkẹta, kí apá kan tábìlì kíṣìnì lọ sílẹ̀, kí èèyàn lè jókòó ṣa ẹ̀fọ́ tàbí kó bó ẹ̀gúsí. Ìyá mi ò fìgbà kan dúró ṣa ẹ̀fọ́ rí.

Kí àwọn kọ́bọ́ọ̀dù òkè náà wálẹ̀. Ọwọ́ ẹni 75 ọdún kì í dé ibi tó ń dé nígbà tó wà ní 40, aga tó bá sì gùn láti fi mú ṣúgà ni yóò gbé e ṣubú.

Ṣé kò ní dà bí ilé ìtọ́jú arúgbó?

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa sọ. Ẹ lọ wo Appleby Blue ní Bermondsey, ní Southwark, agbègbè kan náà tí Peckham wà, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí. Kì í ṣe ti obìnrin nìkan. Fúláàtì 59 ni fún ẹni tó ti lé ní 65 ọdún, ẹgbẹ́ aláàánú United St Saviour's ló ni ín, Witherford Watson Mann ló yà á, ó sì gba Stirling Prize, ẹ̀bùn ilé tó dára jù lọ́dún ní Ìlú Ọba, ní 2025. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀, fèrèsé kún inú rẹ̀, ibi ìjókòó sì wà lójú ọ̀nà tí èèyàn lè sinmi sí, kó máa wo ẹni tó ń kọjá. Ọgbà wà láàárín, pẹ̀lú omi àti igi. Kíṣìnì àpapọ̀ wà nísàlẹ̀ tí ará àdúgbò lè wá bá wọn dáná. Kò rùn bí ilé ìwòsàn.

Kí ló dé tí àwọn kan ò fi gba ọkùnrin?

Nítorí àwọn obìnrin náà sọ pé àwọn ò fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tọ́jú ọkọ títí ọkọ fi lọ, wọn ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Òfin ìdọ́gba ti 2010 gba ẹgbẹ́ aláàánú láyè láti ṣe ti obìnrin nìkan, tó bá wà nínú ìwé tó dá a sílẹ̀, tó sì jẹ́ láti mú ìnira tó dé bá wọn kúrò. Kì í ṣe nǹkan tuntun: 1920 ni wọ́n ti dá Women's Pioneer Housing sílẹ̀ ní London, fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ tí kò rí ilé gidi gbé. Ọmọkùnrin yín lè wá kí màmá. Kò kàn ní kó ẹrù wọlé ni.

Ìyá mi wá kí wa láti Nàìjíríà. Ṣé ó lè forúkọ sílẹ̀ fún ilé káńsù?

Rárá. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà àlejò kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé káńsù tàbí owó ìrànwọ́ ilé. Ẹni tí wọ́n bá kọ “no recourse to public funds” (pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba) sí ìwé ìgbélùú rẹ̀ náà ò lè gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ, kí ẹ sì má sanwó fún ẹni tó bá sọ pé òun mọ ẹnì kan ní káńsù.

A ti wà nílé káńsù, àmọ́ àtẹ̀gùn ti ń da màmá láàmú. Ṣé dandan ni ká kó?

Kò pọn dandan. Ẹ pe káńsù, ẹ ní kí wọ́n rán occupational therapist wá wo bí màmá ṣe ń rìn nínú ilé. Ní England, irin ìdìmú àti àwọn àtúnṣe kékeré tí owó wọn kò ju £1,000 lọ máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó nílò rẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi balùwẹ̀ tuntun, Disabled Facilities Grant, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún àtúnṣe ilé aláìlera, lè dé £30,000, wọ́n á sì wo owó tó ń wọlé fún un kí wọ́n tó fún un. Ẹ má jẹ́ kí màmá fi ìtìjú díbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá. Àwọn ìyá wa máa ń wọ aṣọ dáadáa, wọ́n á rìn ganran-ganran níwájú àlejò, wọ́n á ní “I am fine,” wọ́n á sì pàdánù ohun tó tọ́ sí wọn.

Nílé Yorùbá gan-an ńkọ́?

Ilé mẹ̀kúnnù tí Lateef Jakande kọ́ ní Èkó láàárín 1979 sí 1983 ran ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́, àmọ́ àwọn tó wọ inú rẹ̀ nígbà yẹn ti di àgbàlagbà báyìí, líìfìtì ò sì sí nínú àwọn búlọ́ọ̀kù alájà yẹn. Ètò National Housing Fund ti 1992 ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù, ó sì ń yáni lówó láti ra ilé. Ìyá tó ta ata ní ọjà fún ogójì ọdún, owó oṣù wo ni wọ́n fẹ́ yọ ọ́ lára rẹ̀?

Ohun tí mo sì ń rí jù ni ti àwa ọmọ tó wà lókè òkun. A ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ìyá, a ó fi yàrá rẹ̀ sókè kó lè rí afẹ́fẹ́, a ó tẹ́ táìsì tó ń dán bíi dígí láti ẹnu géètì dé balùwẹ̀. Nínú agboolé àtijọ́, yàrá yí àgbàlá ká, ẹni tí kò bá jáde láàárọ̀, wọ́n á mọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ fi yàrá màmá sísàlẹ̀. Kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí èèyàn ń gbà kọjá.

Wọ́n ní kí a wá wo fúláàtì kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kí a wò?

Ẹ mú màmá fúnra rẹ̀ lọ, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ lọ ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ìta, torí àwọn kan wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dọ́ náà á fi èjìká tì í. Kó jókòó lórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó sì dìde. Kó yí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ọwọ́ tó ń dùn ún. Kó dé fèrèsé, kó gbìyànjú àtiṣí i. Ẹ béèrè bí líìfìtì bá bàjẹ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ẹ sì bi ayálégbé kan tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà ní ìbéèrè kan náà. Ẹ béèrè ibi tí ọmọ-ọmọ máa sùn tó bá wá lo ọlidé. Ẹ ka iye ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀, ẹ sì wò ó bóyá àga wà lójú ọ̀nà.